Ìkókó Inú Kọ̀ǹpútà Ilé Ìgbẹ̀bí

Àdúgbò Arakale ni mo wà, níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń tún ṣájà láptọ́ọ̀pù mi ṣe, nígbà tí mátírọ́ọ̀nù ilé ìgbẹ̀bí kan pè mí láti Oǹdó. Oòrùn ń pa mí, ọlọ́kadà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gọ́tà wẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ tán, inú sì ń bí mi. Obìnrin náà kí mi, ó kí ilé, ó kí ọmọ, kó tó sọ ohun tó tìtorí ẹ̀ pè. Ó ní ilé ìgbẹ̀bí àwọn fẹ́ ṣe ìkànnì tuntun, tí ìyá ọmọ á fi máa rí àkọsílẹ̀ ìbí ọmọ ẹ̀ àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí fóònù. Gbogbo àkọsílẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lọ́fíìsì àwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ètò inú ẹ̀ ti lọ sókè òkun, kò sì gbé ìpè mọ́. Ṣé mo lè so tuntun mọ́ ti àtijọ́?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó parí ọ̀rọ̀. N kò bèèrè irú dátábéèsì tó jẹ́. N kò bèèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé èmi kì í gba iṣẹ́ báyẹn. Ìbéèrè mi a máa sú oníbàárà débi pé àwọn mìíràn á ní kí n máa lọ. Ọjọ́ yẹn, mo kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé, "Mo lè ṣe é, mà. Ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn o."

Ìdí ẹ̀ ni pé ilé ìgbẹ̀bí yẹn ni mo bí ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ọ̀bà-Ilé ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n Oǹdó nilé ìyá mi, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo sì máa ń lọ bí oṣù bá ti pé. Ọmọkùnrin méjì ń bẹ nílé báyìí, tí wọ́n ń fi ariwo lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan ló ṣáájú wọn. Kò dé ọjọ́ ìkómọ.

Kò sí fọ́tò ẹ̀. Ìyá mi kò fẹ́ ká máa ya fọ́tò ọmọ tí kò tíì lórúkọ, èmi náà sì rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú. Kò lórúkọ, torí ọjọ́ ìkómọ la máa ń sọmọ lórúkọ. Ibi tí wọ́n sin ín sí, n kò mọ̀ ọ́n: ìyá mi àti àbúrò bàbá mi obìnrin ló gbé e lọ, wọn kì í sì í fi irú ibẹ̀ han òbí ọmọ. Gbogbo èèyàn ní kí n má sunkún jù, pé òmíràn ń bọ̀. Òmíràn dé lóòótọ́, ó tún dé lẹ́ẹ̀kejì, ni gbogbo ayé bá dákẹ́, bí ẹni pé n kò bí ti àkọ́kọ́ rárá. Torí náà, nígbà tí mátírọ́ọ̀nù sọ pé gbogbo ìbí tó wáyé níbẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: ọmọ mi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà yẹn dànù tí kò bá wọn kọjá sínú tuntun, kò sí ibì kankan láyé yìí tó máa fi hàn pé mo bí i.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń kìlọ̀ fún ara mi pé iṣẹ́ ni mo ń lọ ṣe o, kí n má lọ máa sunkún níwájú ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi. Mátírọ́ọ̀nù náà kò mọ̀ mí rí. Ibòmíràn ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ń bímọ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan nínú ìjọ tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà ló júwe mi fún un. Obìnrin gíga ni, tó ti sún mọ́ àtifẹ̀yìntì, tó máa ń pe gbogbo obìnrin tó bá kéré sí i ní àbúrò mi. Ó mú mi wọ yàrá àkọsílẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun elétí léèsì bò ó. Nígbà tí wọ́n tàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo jáde lọ ra omi, mo mu ún, mo padà dé, ó ṣì ń kùn.

Yàrá yẹn ní fèrèsé kan tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bẹ́ǹṣì sì wà níwájú fèrèsé náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyí. Bí obìnrin bá ti bímọ, wọ́n á kọ nọ́ńbà káàdì ìyá sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á kọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọ́n á kọ bó ṣe wúwo tó. Níbi tó yẹ kí orúkọ wà, wọ́n á kọ Ìkókó. Kí ni wọn ì bá tún kọ? Ta ló ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i? Lẹ́yìn ìkómọ, ìyá àgbà ọmọ ló máa ń mú orúkọ wá sí fèrèsé. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí á fi kàn án, á dìde, á ní, "Mo mú orúkọ ọmọ wá." Wọ́n á wá pa Ìkókó rẹ́, wọ́n á kọ orúkọ sí i. Ìyá mi ló mú orúkọ àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì wá, tó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ ìsìn ìdúpẹ́.

Mátírọ́ọ̀nù jáde lọ dá aláboyún kan lóhùn, ó ku èmi àti kọ̀ǹpútà. Mo tẹ nọ́ńbà káàdì mi. Ìlà mẹ́ta jáde. Orúkọ ọmọ mi ọkùnrin àgbà, orúkọ àbúrò ẹ̀, àti Ìkókó. Obìnrin. Wọ́n kọ bó ṣe wúwo tó síbẹ̀. Mo ti gbàgbé bó ṣe wúwo tó, ẹ gbọ́ o. Èmi ìyá ẹ̀, mo ti gbàgbé. Mo fọwọ́ bo ẹnu kí ohùn má baà jáde. Àánú ara mi ṣe mí lọ́jọ́ náà, n kò ní parọ́.

Mo da dátábéèsì náà kọ sórí fúláàṣì, mo gbé e wá sí Ọ̀bà-Ilé, ìyà sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa. Dátábéèsì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ sí ní ìlà-ìlà. Ìkànnì kì í ka ìlà wọ̀nyẹn fúnra ẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìkànnì, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Àwọn kan ti ṣe férémù ilé sílẹ̀ dè wá, fíréémùwọ́ọ̀kì là ń pè é, ìwọ á wá mọ ògiri tìẹ sí i. Èyí tí èmi ń lò mọ àwọn dátábéèsì tó gbajúmọ̀. Sọ èyí tó o ní fún un, kó o fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó parí, ẹ̀yin méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Ti Oǹdó yìí kò sí lára wọn. Mo dárúkọ ẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí wọ́sáàpù, ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ ọ rí. Ọ̀kan bèèrè bóyá orúkọ oògùn ibà ni.

Ọ̀gá kan láàárín wọn ní, "Ẹ kàn kó gbogbo ẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sínú èyí tí fíréémùwọ́ọ̀kì yín mọ̀ ni."

Ṣíọ̀! Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣé kí n tó kó ẹrù inú ilé, n kò ní kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ni?"

Ìlẹ̀kùn yẹn gan-an ni kò ṣí. Ètò kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tí á máa gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, dírẹ́bà là ń pè é. Mo wá a kiri. Mo rí ọ̀kan tí ẹnì kan ṣe fún ìfẹ́ iṣẹ́, lórílẹ̀-èdè tí n kò mọ̀, tó sì ti pa á tì láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn èèyàn kọ ẹ̀bẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ jáǹtírẹrẹ: ẹ jọ̀ọ́, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ṣì wà níbí? Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Èmi náà kọ tèmi sábẹ́ tiwọn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn, mo ṣáà kọ ọ́.

Mo fi dírẹ́bà náà sí i, fíréémùwọ́ọ̀kì ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo tún un ṣe, ó ní òun mọ̀ ọ́n báyìí, ṣùgbọ́n fáìlì kan tó ń gbé e dúró kò sí. Mo wá fáìlì náà títí mo fi rí i, ó ní ti àtijọ́ ni, kọ̀ǹpútà mi sì ti tuntun jù fún un. Mo wá lọ fi fíréémùwọ́ọ̀kì tó ti gbó sí i kí wọ́n lè jọ dọ́gba, gbogbo ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ bá dojú dé. Bí mo bá tún ti ìhín ṣe, tọ̀hún á yẹ̀. Wọ́n á tún mú iná lọ láàárín ẹ̀, n ó lọ fa jẹnẹrétọ̀, yóò kọ̀ láti tàn, n ó jókòó sílẹ̀ nídìí ẹ̀, n ó máa bú u.

Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń pariwo mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ó ní, "Màmá wọn, ṣé ò ń bá a jà ni àbí ò ń bẹ̀ ẹ́?"

"Mo ń ṣe méjèèjì. Kò gbọ́ ìkankan."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè iṣẹ́ ta ni. Mo ní ilé ìgbẹ̀bí Oǹdó ni. Ẹ̀rín tán lẹ́nu ẹ̀. Ó ní òun ń lọ bọ́ aṣọ. Bí àwa méjèèjì ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí a ti pàdánù ọmọ náà nìyẹn: a kì í dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ń ká mi lára, ṣùgbọ́n ibo ni n bá ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó sú mi. Láàárín ìgbà yẹn mo máa ń jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù yẹn, n ó kàn máa wò ó. Ọmọ mi wà nínú fúláàṣì kan tí kò tó ìka mi, lórí tábìlì mi, nínú ilé mi, èmi tí mo pe ara mi ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà kò sì lè mú un jáde. Irú àìlágbára tó mú mi lórí bẹ́ẹ̀dì Oǹdó lọ́jọ́ sí náà ló tún mú mi, tí mo ń wo ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì, tí kò sí nǹkan tí mo lè ṣe.

Dátábéèsì náà wá so mọ́ ìkànnì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. N kò lè sọ ohun tó mú un so. Mo yí nǹkan kékeré kan padà, mo tẹ̀ ẹ́, mo ti gbójú kúrò, mo ń retí èébú. Èébú kò wá. Mo bá kígbe, "Yéè!" ajá àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Fíréémùwọ́ọ̀kì tún ní ìbéèrè: kí ni nǹkan kan ṣoṣo tó ya ìlà kan sọ́tọ̀ sí òmíràn? Ọkùnrin tó ṣe ètò àtijọ́ kò fi nǹkan kan ṣoṣo yà wọ́n. Méjì ló lò, nọ́ńbà káàdì ìyá pẹ̀lú orúkọ ọmọ. Tèmi kò gba méjì. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo ní láti kọ nǹkan sí àárín wọn tó ń so ìyá àti ọmọ pọ̀ di ọ̀kan kí ó tó gbà. Nígbà tó gbà, mo tẹ nọ́ńbà káàdì mi sórí fóònù, lórí ìkànnì tuntun, àwọn ọmọ mi sì jáde. Mẹ́ta ni wọ́n. Mo ka wọ́n lójú fóònù, mo tún wọn kà. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo sunkún dáadáa, mo sì lọ se ìrẹsì.

Mo gbé e lọ sí Oǹdó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mátírọ́ọ̀nù gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé awò sójú, ó ń fi ìka gbé ojú ewé sókè sódò, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọwọ́ yín á máa ròkè." Ìka ẹ̀ wá dúró. "Ìkókó wo nìyí? Ọjọ́ ìbí tó wà níbí, ọmọ yìí á ti wà nílé ìwé báyìí."

Mo ní, "Àwọn tí kò dé ọjọ́ ìkómọ ni, mà."

Ojú ẹ̀ yí padà. Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Háà. Ẹ yọ wọ́n o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wọ́n. Ẹ wo obìnrin kan tó jókòó síbi iṣẹ́ ẹ̀, tó ní kóun wo ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ òun, kí èyí wá yọ sí i lójú. Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Ẹlòmíràn á fẹ́ rí i, mà."

"Ta ló máa fẹ́ rí i?"

"Èmi."

Ó wò mí. Ó wo fóònù, ó tún wò mí, ó sì fa àga kan mọ́ra, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má bínú, n kò mọ̀." Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn, pé mo ti borí. Àṣé ó ṣì ń bọ̀. Ó ní kì í ṣe òun nìkan ló ni ọ̀rọ̀ náà, ìgbìmọ̀ ìjọ ti jókòó lé e lórí, wọ́n sì ti fẹnu kò: ọmọ tó bá ti gba orúkọ nìkan ni kó wọ ìkànnì tuntun.

Mo pariwo. N kò lè sọ gbogbo ohun tí mo sọ. Mo ní kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí àyè ti há. Mo ní mo lè fi wọ́n pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Àbúrò mi, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ṣèèṣì pe ìyá kan pé kó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ọmọ náà ti kú. Obìnrin yẹn dákú síwájú mi. Ohun tó bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ kan á yọ."

Òótọ́ ni mátírọ́ọ̀nù ń sọ, òótọ́ lèmi náà ń sọ, èmi ló sì máa jìyà ẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa wá gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà. "Fèrèsé yẹn kò ní ọjọ́ tí a ń tì í pa. Bí ẹbí bá mú orúkọ ọmọ wá, a ó kọ ọ́. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo kọ òfin náà sínú ètò mi bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ: èyí tó bá ń jẹ́ Ìkókó, fò ó. Ìlà kan péré ni, kò gbà mí lásìkò rárá. Gbogbo ìyà tí mo jẹ kí wọ́n tó lè kọjá, ìlà kan péré ló tì wọ́n mọ́ ìta. Mo wá ń ro èrò wèrè. Àwọn ìbejì kì í jẹ́ Ìkókó, orúkọ wọn ti ọ̀run wá. Ọmọ tó gbé okùn kọ́rùn wá, ọmọ tó fẹsẹ̀ wá, wọ́n ti lórúkọ kí wọ́n tó kígbe. Tèmi fi orí wá, okùn ẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà, ó kígbe nígbà tó yẹ. Mo wá ń bínú sí i pé ó wá dáadáa.

Ilé ìyá mi kò jìnnà síbẹ̀. Tíṣà ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, mo ní kó bá mi mú orúkọ lọ sí fèrèsé. Ó gbójú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Oǹdó pọ́ńbélé. Yorùbá gbogbo wa ni mo fi ń kọ ọ́ níbí.

"Kí lo tún ń tú u wò sí? Mo ní kí lo tún ń tú u wò sí? Èmi ni mo gbé e lọ. Èmi ni mo mọ bó ṣe rí lọ́wọ́ mi. Ṣé mo ti fi yọ ọ́ lẹ́nu rí?"

"Rárá, mà."

"N kò sì ní sọ ọ́." Ó padà sídìí ẹ̀wà ẹ̀, ó ń da èyí tó ti ṣà mọ́ èyí tí kò tíì ṣà. "Orúkọ wo ni kí n mú lọ? Èmi kọ́ ni mò ń sọmọ lórúkọ nílé ọkọ ẹ. Ta ló sọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

"Ó tán nìyẹn."

N kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo pe ọkọ mi láti àgbàlá ibẹ̀, mo fi ohùn ẹ̀ sí gbangba lójú ìyá mi. Ó wà níbi iṣẹ́, mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní, "Dádì wọn, ọ̀rọ̀ ọmọ wa àkọ́kọ́ ni o. Wọ́n ń bèèrè orúkọ ẹ̀. N kò mọ ohun tí mo máa..."

Ó dárúkọ. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, kò rò ó, kò bèèrè ẹni tó ń bèèrè. Ó kàn dá orúkọ náà, ó sì tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n baà lè gbọ́ ọ. N kò ní kọ ọ́ síbí, tiwa ni.

Mo ní, "Láti ìgbà wo lo ti ní in?"

"Kí o tó bí i. Ọjọ́ ìkómọ ni mo ń dúró dè." Ó tún ní, "O kò bi mí rí."

Inú bí mi sí i, àánú ẹ̀ ṣe mí, mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ kí n gbá a létí kí n sì dì mọ́ ọn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tó fi ń wọlé tó ń jáde pẹ̀lú orúkọ ọmọ mi lẹ́nu! Nígbà tí mo yíjú padà, ìyá mi ti gbé ẹ̀wà kúrò lẹ́sẹ̀, ó ń wé gèlè. Ó ní, "Dìde. Wọ́n máa ń tètè palẹ̀ mọ́ níbẹ̀."

Obìnrin àgbà kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí a dé, òun náà mú orúkọ ọmọ ọmọ ẹ̀ wá. Ó sún fún ìyá mi, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ìyá mi ní, "Obìnrin ni."

"Olúwa á wò ó fún wa."

Ìyá mi ní, "Àmín." Ohùn ẹ̀ kò yẹ̀. Èmi ni mo yíjú sí ògiri.

Ó kàn án, ó dìde, ó fọwọ́ di férémù fèrèsé mú, ó ní, "Mo mú orúkọ ọmọ wá." Mátírọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀ ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ìyá mi pe orúkọ náà, mátírọ́ọ̀nù tún un pè, ó pa Ìkókó rẹ́, ó tẹ orúkọ sí i. Ó ní, "Orúkọ á rò ó o," bó ṣe máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá síbẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀. Ìyá mi ní kó má dààmú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo pa ẹ̀dà inú fúláàṣì rẹ́ níwájú mátírọ́ọ̀nù bí ìgbìmọ̀ ṣe fẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ pé kí gbogbo àkọsílẹ̀ kọjá. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bèèrè bóyá mo ti ṣetán. Mo wo nọ́ńbà tèmi: àwọn ọmọ mi pé, ẹ̀gbọ́n wà níwájú, orúkọ wà lórí ẹ̀. Ìròyìn iṣẹ́ wá jáde lábẹ́ ẹ̀, ó ní òun ti gbé gbogbo èyí tó yẹ, òun sì ti fo àwọn ìlà tí kò bá òfin mu. Ìlà ló pè wọ́n, bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo ní kí àwọn ọkùnrin náà ṣe sùúrù díẹ̀. Mo ṣí ètò àtijọ́ yẹn, mo wá gbogbo Ìkókó tó kù, mo sì ń ka nọ́ńbà káàdì àwọn ìyá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ẹyọ kan nínú wọn tí mo lè pè pé kó mú orúkọ wá. Mo ṣì ń kà á nígbà tí wọ́n fa wáyà ẹ̀ yọ.